Aláǹgbá Tí Kò Ní Yọ Oiva Lẹ́nu

Bí ẹ bá dé Lehtola lónìí, ìletò kan ní ilẹ̀ òtútù lókè àríwá ayé, tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ nípa olóògbé Oiva Rautio, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún yín ni pé òun ni ọkùnrin tó wọ sáúnà àwọn obìnrin tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Wọn kò ní tẹnu mọ́ àwọn obìnrin yẹn. Bàtà ni wọn yóò tẹnu mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà tí òtútù ṣì mú ganrínganrín. Sáúnà náà, ilé ìwẹ̀ olóoru, jẹ́ ilé pátákó kékeré kan létí adágún, igi ni wọ́n fi ń dáná òkúta inú rẹ̀, gbogbo ará ilé tó tò tẹ̀ lé ara wọn lórí òkè ló sì jọ ni ín. Ọ̀sán Sátidé jẹ́ ti àwọn obìnrin, ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti àwọn ọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó da ètò yìí rú rí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, obìnrin mẹ́rin jókòó sórí àga pátákó òkè, ní ìhòòhò bí Ọlọ́run ṣe dá wọn, òógùn ń ṣàn lára wọn, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí gbàgà. Oiva ló yọ, ó wọ kóòtù onírun, ó dé fìlà elétí, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kún fún yìnyín.

Ìyá Saimi, tó dàgbà jù láàrin wọn, ló kọ́kọ́ figbe ta.

"Oiva! Bàtà nínú sáúnà? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ gbọ́ ná—"

"Mi ò gbọ́! Àní o ò tilẹ̀kùn! Ooru tí mo ti ń kó jọ látàárọ̀ ló ń bá atẹ́gùn lọ yẹn!"

Oiva fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó ki ọwọ́ bọ àyà kóòtù rẹ̀, ó fa ohun kan jáde tó gùn tó apá ọmọdé, tí ẹ̀gún yí ọrùn rẹ̀ ká, tí kò mira rárá. Aláǹgbá ni.

"Ẹ dákun," ni Oiva wí, ọ̀rọ̀ yìí ló sì pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti kú."

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síbẹ̀ ná, ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí kì í ṣe aláǹgbá nìkan ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn. Ilé rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti gbogbo ọjọ́ tó kù fún un láyé. Hilkka Mannila mọ èyí dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn ni, alásè ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, opó bíi ti Oiva náà, ògiri kan ṣoṣo ló sì là láàrin ilé àwọn méjèèjì. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ nílé Oiva, etí Hilkka ti gbọ́ ọ.

Igi ni Oiva fi gbogbo ayé rẹ̀ gé nínú igbó, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àwọn igi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni yóò dá yín lóhùn. Nígbà tí Aune ìyàwó rẹ̀ kú, ó tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó wá di ìgbà ìwọ́wé ọdún kan, ó gbé ọ̀dùnkún kaná, ó gbàgbé rẹ̀, èéfín gba ilé, àwọn panápaná fi àáké fọ́ ilẹ̀kùn tí kò tì. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí Kaisu, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, fi wa mọ́tò dé láti Oulu, ìlú tó ń gbé. Ó jókòó ní kíṣìnnì bàbá rẹ̀, Hilkka náà sì wà níbẹ̀, ó ní òun wá yá ṣúgà.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Oulu. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan wà lẹ́bàá ilé mi. Ó mọ́ tónítóní. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fún wọn ní kọfí."

"Mo ní kọfí níbí."

"Ẹ̀ ń dá gbé! Bẹ́ ẹ bá ṣubú ńkọ́? Ẹ lè kú sínú ilé yìí kó tó ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀."

"Tí mo bá ti kú, kí ni mo tún ń kánjú sí?"

Hilkka yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Kaisu kò rẹ́rìn-ín.

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín, Bàámi. Mi ò kì í rí oorun sùn. Ó dáa, ẹ gbọ́ o. Ẹ wá ohun ẹlẹ́mìí kan sínú ilé yìí, ohunkóhun. Bẹ́ ẹ bá lè tọ́jú ẹ̀mí kan ṣoṣo títí yìnyín á fi yọ́ kúrò lójú adágún, mi ò ní dárúkọ Oulu fún yín mọ́. Àmọ́ tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ò sì ní bá mi jà."

Oiva na ọwọ́ sí i. Ní Lehtola, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá ti bọ ara wọn lọ́wọ́ lé lórí ti di òfin, bàbá kì í yẹ̀ ẹ́ fún ọmọ, ọmọ kì í yẹ̀ ẹ́ fún bàbá.

"Ohunkóhun," ni Oiva tún sọ, ó rọra ń wo òkè àjà. Hilkka rí ojú tó fi sọ ọ́, àánú Kaisu sì ṣe é.

Hilkka ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn nígboro. Ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn ló ń ta ọjà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú Oiva káàkiri.

"Ṣé ajá lẹ fẹ́, Bàbá?"

"Ajá á fẹ́ jáde láàárọ̀ kùtù nínú òtútù. Èmi tí mo ni ilé gan-an ò fẹ́ jáde."

"Ológbò ńkọ́? Ológbò ò ní wàhálà."

"Ológbò máa ń wo èèyàn bí ìyá ìyàwó."

"Odídẹ yìí ńkọ́? Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ gan-an."

Oiva tilẹ̀ ti kọjá lára odídẹ náà kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tán. Lẹ́yìn náà ni ó dúró. Nínú àpótí onígíláàsì kan, lábẹ́ gílóòbù tó ń tàn yòò, aláǹgbá kan na ara rẹ̀ sórí òkúta, ó di ojú kan, ó la ìkejì. Òun àti Oiva wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Hilkka kò rí i kí Oiva wo nǹkan kan báyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Aune.

"Ṣé èyí máa ń sọ̀rọ̀?" ni Oiva bi í.

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ó máa ń fẹ́ rìn jáde?"

"Rárá o."

"Ṣé ó fẹ́ràn àlejò?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n sí."

Oiva yíjú sí Hilkka. "Ará ìlú wa ni," ló wí.

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé e, ó ń sọ pé aṣálẹ̀ ni irú ẹran yìí ti wá, pé ooru ni ẹ̀mí rẹ̀, pé àwọn ohun kan wà tí Bàbá gbọ́dọ̀ mọ̀. Oiva ti gbé àpótí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀ ló ti mọ̀: kì í sọ̀rọ̀.

Ó sọ ọ́ ní Rauha, orúkọ àwọn ìyá àgbà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àlàáfíà. Àlàáfíà tó lọ rà ni wọ́n bá a dì sínú àpótí yẹn lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ kó tó rí i pé wàhálà ni wọ́n fi ṣe ènì. Gílóòbù Rauha gbọ́dọ̀ máa tàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, òmíràn tún gbọ́dọ̀ wà tó máa ṣe bí oòrùn fún un. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lílà wẹ́wẹ́. Ìrẹ̀ ló sì ń jẹ bí ẹran, ìrẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà láàyè. Èyí tó bá ti kú, Rauha á yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ àná fún. Ni ọkùnrin tó kọ ajá sílẹ̀ torí kò fẹ́ jáde bá di ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sígboro lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú yìnyín, tó ń gbé páálí ìrẹ̀ sábẹ́ abíyá kí òtútù má bàa pa wọ́n. Gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbọ́ tí abíyá rẹ̀ ń kọrin. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, torí níbẹ̀, èèyàn kì í bi ẹni tí kò mọ̀ rí ní nǹkan nínú bọ́ọ̀sì.

Nínú oṣù Kejìlá, páálí náà jábọ́ ní kíṣìnnì. Ilẹ̀ ti ṣú láti ọ̀sán, bó ṣe máa ń rí ní àsìkò yẹn, yìnyín ti dé ojú fèrèsé. Hilkka nà gbalaja sórí àga, ó ń hunṣọ, ló bá gbọ́ ìrẹ̀ tó ń ké nínú ògiri bí ẹni pé àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àyà rẹ̀ já. Ó rò pé orí òun ló ń dàrú, pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ kó lọ sí ilé àwọn àgbà. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Oiva.

"Oiva, ṣé ò ń gbọ́ nǹkan?"

"Rárá."

"Ìrẹ̀ ni, ó ń ké."

"Rédíò ni."

"Rédíò wo ló wá fò kọjá lórí ẹsẹ̀ ẹ yẹn?"

Oiva wo ilẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Rédíò kékeré ni," ló fèsì.

Àwọn méjèèjì fi orúnkún rìn kiri kíṣìnnì yẹn, wọ́n ń fi ife kọfí dé ìrẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, Oiva kò rẹ́rìn-ín bíi ti Hilkka.

"Má sọ fún Kaisu," ló wí. "Tó bá gbọ́ pé apá mi ò ká a, ó ti parí fún mi nìyẹn. Inú ilé yìí ni mo ti fẹ́ kú, Hilkka. Mi ò fẹ́ kú síbi tí mi ò ti mọ orúkọ àwọn igi tó wà níta."

Hilkka di ẹnu páálí ìrẹ̀ náà pa. Ó ní òun ò ní sọ fún un.

Bí ọdún tuntun ṣe wọlé, Rauha kọ oúnjẹ. Ó wọ abẹ́ ìtì igi inú àpótí rẹ̀, ó di ojú, kò mira mọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ti Oiva kò tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ kò mọ̀ bóyá inú ń run ún, bóyá ó ń sùn, bóyá ó ti lọ. Kaisu kì í jẹ́ kí Sọ́ńdè kan kọjá láìpè lórí fóònù, ohùn àwọn méjèèjì sì ń wọlé sétí Hilkka láti ara ògiri, torí Oiva máa ń ṣí ohùn fóònù náà sílẹ̀ gbayawu, òun náà á sì máa sọ̀rọ̀ sókè.

"Bàámi, ẹran yín ńkọ́?"

"Ó ń sinmi."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ó ṣì ń sinmi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò tíì kú ṣá?"

"Ṣé gbogbo àwọn tó ń sinmi ní Oulu ti kú ni?"

Ó fi ẹnu le, àmọ́ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Òun tí kì í pe ẹnikẹ́ni pe ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ní irú wọn máa ń sùn nígbà òtútù, kó máa wò ó. Oiva wò ó. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ń jókòó tì í láti òwúrọ̀, nígbà tó sì yá, Hilkka bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan tó ń lọ wùrùwùrù nínú ògiri, tí kò dúró. Oiva ni. Ó ń bá aláǹgbá náà sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí odò tí wọ́n já ìdènà rẹ̀, ó ń dárúkọ Aune, ó ń dárúkọ igbó tó ti gé tán. Hilkka pa rédíò tirẹ̀. Títí dòní ló ń búra pé kì í ṣe torí kóun lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ tí Rauha jí, ṣe ni Oiva fi ìkúùkù lu ògiri. Hilkka sáré dé, ó bá Rauha lórí òkúta, ẹsẹ̀ ìrẹ̀ ṣì yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọnrí bí aláǹgbá tó já látorí ìrókò tí kò rẹ́ni yìn ín. "Ó jẹun," ni Oiva wí.

Báyìí ni oṣù Kẹta dé. Kaisu ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti fojú ara òun rí ẹran náà, torí yìnyín adágún kò ní pẹ́ yọ́ mọ́. Oiva gbálẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó nu gíláàsì àpótí títí tó fi ń dán. Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, yìnyín olómi rọ̀ láti àárọ̀, òtútù ńlá sì dé sí i lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wá dì mọ́ ara igi. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lu wáyà, iná sì lọ ní gbogbo Lehtola. Fóònù náà kú. Iná mànàmáná nìkan ló sì ń mú àwọn ilé yẹn móoru.

Àwọn aládùúgbò wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, wọ́n ní yóò dáa. Rauha kò ní ẹ̀wù tó lè wọ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í mú ẹran tí kò ní ooru tirẹ̀ móoru, Oiva sì ti mọ èyí nígbà náà. Ó ń wo bí ara ẹran náà ṣe ń ṣú, bí ojú rẹ̀ ṣe ń pa dé, ilé sì ń tutù sí i. Ó ki ẹran náà sínú kóòtù rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí èéfín kan ṣoṣo ní gbogbo àdúgbò, ó ń jáde látorí sáúnà. Àwọn obìnrin ló kàn. Bí ó bá dúró de ìrọ̀lẹ́ tí yóò kan àwọn ọkùnrin, Rauha kò ní dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí adágún nínú yìnyín tó mù ún dé itan, orúnkún rẹ̀ kan kò sì dáa. Ojú ibi tó ti ṣubú hàn nínú yìnyín lẹ́yìn náà, kì í sì í ṣe ibì kan ṣoṣo.

Bó ṣe di pé ó dúró tòun ti bàtà níwájú obìnrin mẹ́rin nìyẹn, tó ní kí wọ́n dákun.

"Gbé e wá sókè níbí," ni Raakel wí, òun ló kéré jù nínú wọn. "Ibí ló gbóná jù."

"Ṣé o fẹ́ sè é ni?" Hilkka ti ń sọ̀kalẹ̀. Lókè yẹn, ẹyin á jinná; nísàlẹ̀, ooru rọra ń fẹ́. Ó jókòó sórí pátákó ilẹ̀, ó tẹ́ aṣọ ìnura sórí itan, ó gba aláǹgbá náà, ó sì fọwọ́ méjèèjì bò ó. Ó tutù bí òkúta inú odò.

Lókè, ọwọ́ Ìyá Saimi ti lọ síbi ìgbákọ fúnra rẹ̀, ó ti bu omi tó fẹ́ dà sórí òkúta gbígbóná.

"Ìyá Saimi, ẹ má dà á!" ni Hilkka kígbe. "Ooru yẹn á pa á!"

"Sáúnà tí wọn ò ní da omi sí? Kí ni ká wá pe ibí? Ààrò búrẹ́dì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

Ìyá Saimi gbé ìgbákọ dúró lójú òfuurufú. Láti ìgbà tó ti mọ ìrìn ló ti ń da omi sórí òkúta ní Sátidé. Ó wo Oiva. Ó wo ìgbákọ. Ó dà á padà sínú kórobá.

"Nítorí aláǹgbá," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ sórí sàréè mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Iná ń ta pápápá nínú ààrò. Ara Rauha ṣú bákan náà, ikùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Oiva dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ Hilkka. Hilkka gbàdúrà, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ojú sì tì í díẹ̀ pé aláǹgbá ló gbà á fún.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Kaisu ni, ó ń mí gùlègùlè. Ó ti bá ilé bàbá rẹ̀ ní òtútù, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àpótí ṣófo. Ó ti tọ ojú ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ti rí ibi tí èèyàn ṣubú sí.

"Bàtà!" ni Ìyá Saimi jágbe mọ́ ọn.

Ọmọ ibẹ̀ ni Kaisu. Ó bọ́ bàtà kó tó bèèrè bóyá bàbá òun wà láàyè.

"Bàámi! Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ó ti kú, Kaisu," ni Oiva wí. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń fa ọ̀rọ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó mutí yó. "A ti bọwọ́ lé e. Màá lọ di ẹrù mi."

Hilkka gbójú sókè nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn. Gbogbo àwọn yòókù ni òógùn bò. Oiva wọ kóòtù onírun nínú ooru náà, kò sì sí ẹ̀kán òógùn kan níwájú orí rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú.

"Oiva, bọ́ kóòtù ẹ."

Kò gbọ́. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí bọ́tìnnì, kò lè mú un. Kaisu ló já a. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀wù, kò sí síńgílẹ́ẹ̀tì. Àyà lásán ni, ó funfun bí àbẹ́là, ojú èékánná Rauha sì là á káàkiri níbi tó ti rọ̀ mọ́ ọn.

"Níbo lẹ̀wù yín wà?"

"Ẹ̀wù... kì í jẹ́ kí ooru mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Jésù mi," ni Raakel wí.

Wọ́n já látorí àga ní ìṣẹ́jú kan náà. Wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìnura wé e, Ìyá Saimi ń pàṣẹ: "Ẹ má gbé e sókè o, ìsàlẹ̀ ni, ẹ rọra!" Kaisu gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ sí itan, ó ń fi ọwọ́ rà á, ó ń sunkún, ó sì ń bú u.

"Arúgbó olóríkunkun! Ẹ̀ bá ti kú! Ṣé kí ẹ má bàa bá mi lọ sí Oulu lẹ ṣe fẹ́ pa ara yín?"

Eyín Oiva ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Saimi wí. "Òkú kì í gbọ̀n."

"Kì í ṣe torí Oulu," ni Oiva sọ níkẹyìn. "Mi ò tilẹ̀ rántí Oulu lọ́nà. Ó máa ń gbọ́ mi ni, Kaisu. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń gbọ́ mi."

Ọwọ́ Kaisu dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tó lè wojú ẹnì kejì nínú gbogbo wọn.

"Yéè!" ni Hilkka ké. Ẹ̀gún ló gún un nítan. Ó gbé ọwọ́ kúrò, èékánná Rauha sì ti wọ inú aṣọ ìnura dé ara rẹ̀. Ara ẹran náà ti ń mọ́. Ó la ojú kan, ó yí i, ó fi wo yàrá náà láti òkè dé ilẹ̀ bí onílé tó bá àlejò tí kò pè. Ó dojú kọ Ìyá Saimi, ó gbọnrí sí i. Ìyá Saimi gbọnrí padà.

"Ó kí mi ni," ló wí, nígbà tó rí i pé wọ́n ń wo òun.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ti bà tán. Kaisu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àwọn obìnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó di bàbá rẹ̀ léjìká mú, ẹni tó ń fi aṣọ nù ún lórí, Hilkka tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aláǹgbá lórí itan.

"Mo ti rò pé ó ń dá gbé ni," ló wí.

"Ta ló ń jẹ́ kó dá gbé?" ni Ìyá Saimi fèsì.

Kaisu nu imú. Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, Oiva sì gbà á.

"Ẹ dúró sílé yín, Bàámi. Mi ò sọ ọ́ mọ́."

Ìyá Saimi ṣe sùúrù díẹ̀, kó má bàa dà bí ẹni tí kò láàánú. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá òun lè da omi báyìí. Wọ́n gbé Rauha lọ sí yàrá ìbọ́ṣọ níta, Ìyá Saimi sì da ìgbákọ lé ìgbákọ títí kórobá fi gbẹ.

Oiva lo ọdún bíi mélòó kan sí i nílé rẹ̀. Láti Sátidé yẹn, àwọn obìnrin náà pín àárọ̀ láàrin ara wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀kan nínú wọn á kanlẹ̀kùn, á ní, "Ewé Rauha ni mo já wá o," á sì wo Oiva láti orí dé ẹsẹ̀. Oiva á ní, "Gbé e síbẹ̀." Rauha sanra débi pé kò lè gun òkúta rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe torí aláǹgbá lòun ṣe ń wá, Oiva náà kò sì bi wọ́n.

Lọ́jọ́ tó kú, nínú oṣù Keje, Hilkka ló kàn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, oòrùn ti wọ kíṣìnnì. Oiva jókòó sídìí tábìlì, ó kọjú sí adágún, kọfí wà níwájú rẹ̀. Hilkka kí i. Kò retí pé yóò tètè dáhùn, nítorí náà ó kọ́kọ́ la ewé fún Rauha. Ìgbà tó yíjú padà ló tó mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn èèyàn ti lọ tán, Kaisu àti Hilkka jókòó ní kíṣìnnì náà. Rauha ti kó lọ sódì kejì ògiri, ilé dákẹ́. Kaisu ń yí ṣíbí nínú ife.

"Àǹtí Hilkka, ẹ má bínú. Ṣé ó ti pẹ́ tó kú kẹ́ ẹ tó rí i?"

"Kò pẹ́ rárá."

"Ẹ má kàn fi tù mí nínú o. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fọ́mọ olóòkú nìyẹn."

"Kọfí rẹ̀ ṣì gbóná, ọmọ mi."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Hilkka wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo mu ún."

Kaisu gbójú sókè.

"Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò fẹ́ sáré pe ẹnikẹ́ni. Kọfí náà wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú ni, kò tíì fẹnu kàn án. O mọ̀ ọ́n, bí mo bá dà á nù, kò ní dárí jì mí. Mo bá a mu ún tán."

"Ó sì gbóná?"

"Ó jó mi létè."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Kaisu, ó rín in títí ó fi di ẹkún, ó sì gbé orí lé èjìká Hilkka, ó ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ fóun lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó jó mi létè," ni Hilkka wí.